Ẹ Bi Olókùú Kí Ẹ Tó Fi Òkú Rẹ̀ Ṣeré

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o.

Inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí, mi ò sì ní fi pamọ́. Lálẹ́ Sátidé tó kọjá, èmi àti àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, jókòó wo fíìmù kan. Èmi ni mo yàn án. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n kọ síwájú rẹ̀, lẹ́tà gàdàgbà: ìtàn tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ni. A ò tíì wò ó tó ogún ìṣẹ́jú tí fóònù fi dún nínú eré náà. Ìyá kan gbé e, wọ́n sọ fún un pé àwọn ti rí òkú ọmọ rẹ̀. Àǹtí mi dìde láìsọ̀rọ̀. Mo rò pé omi ló fẹ́ mu. Nígbà tí mo lọ wò ó ní ilé ìdáná, omi ẹ̀rọ ń dà wàà, kò gbé ife kankan sábẹ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di etí síǹkì mú. Ọdún kọkànlá rèé tí wọ́n ti pa àkọ́bí rẹ̀. Orí fóònù náà ni wọ́n ti sọ fún un.

Mo gbà pé mo jẹ̀bi. Ọwọ́ mi ni rìmóòtù wà. Ẹni tó ṣe fíìmù náà ńkọ́? Mo padà lọ wò ó dópin lóru, torí mo fẹ́ mọ ẹni tí mo fẹ́ bá jà. Ìgbà tí orúkọ àwọn òṣèré ń gòkè lọ ni mo tó rí i, lẹ́tà wínníwínní, pé wọ́n ti fi nǹkan kún ìtàn náà, pé àwọn kan tí a rí níbẹ̀ kò sí láyé rí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dá a padà kí n tó kà á tán. Òótọ́ ni wọ́n fi pè wá wọlé. Ìgbà tí à ń jáde lọ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ ọ́ sí wa létí pé irọ́ wà níbẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni ti àwọn tó ni òkú. Ta ló bi wọ́n? Ẹ wo eré Jeffrey Dahmer tí Netflix gbé jáde lóṣù kẹsàn-án ọdún 2022. Èèyàn 17 ni ọkùnrin yẹn pa ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1978 sí 1991. Arábìnrin ọ̀kan lára àwọn tó pa dìde ní kóòtù lọ́dún 1992, ó pariwo ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ mọ́ apànìyàn náà lójú. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, ó wo eré yìí, ó rí òṣèré tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, tó múra bíi tirẹ̀, tó ń sọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gẹ́lẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé ẹnikẹ́ni ò kàn sí òun. Wákàtí bílíọ̀nù kan làwọn èèyàn fi wo eré náà láàárín ọjọ́ 60, ṣùgbọ́n wọn ò rí ìṣẹ́jú márùn-ún fi tẹ obìnrin yìí láago. Kí ọdún náà tó parí, eBay, ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ti ń yọ aṣọ àwọn tó fẹ́ múra bí apànìyàn náà kúrò lórí àtẹ. Ẹ ò rí i bí nǹkan ṣe ń dà?

Kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1959, wọ́n pa bàbá, ìyá àti ọmọ méjì nínú ilé kan ní Kansas, ní Amẹ́ríkà náà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe fíìmù rẹ̀, èyí tó jáde lọ́dún 1967, inú ilé yẹn gan-an ni wọ́n gbé kámẹ́rà lọ. Àwọn ọmọ wọn méjì mìíràn tí kò sí nílé lálẹ́ ọjọ́ náà ṣì wà láyé nígbà yẹn o.

Àwọn tó ń ṣe fíìmù á ní ohun tó bá ti wà nínú ìwé kóòtù, ti gbogbo ayé ni, òfin ò ní káwọn tọrọ àyè. Mo gbọ́. Òfin ò ní kéèyàn kan ilẹ̀kùn kó tó wọ yàrá ìyá rẹ̀ náà, a sì ń kàn án.

Àwọn aláṣẹ tó ń yẹ fíìmù wò ńkọ́? Wọ́n á ka èébú, wọ́n á ka ìbọn, wọ́n á wo ẹni tó bọ́ra, wọ́n á lẹ ọjọ́ orí mọ́ ọn, ó parí. Nínú wọn, kò sẹ́ni tó ń béèrè pé: ẹni tí ẹ tún ń pa lẹ́ẹ̀kejì yìí, ṣé ẹbí rẹ̀ mọ̀? Ta ló bi wọ́n?

Mi ò ní kí wọ́n má ṣe é mọ́. Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Mo wo When They See Us lọ́dún 2019, ìtàn àwọn ọmọkùnrin márùn-ún tí wọ́n jù sẹ́wọ̀n ní New York lórí ọ̀ràn tí wọn ò dá. Mo sunkún, ẹkún náà sì tọ́ sí wọn. Àwọn ọkùnrin yẹn fúnra wọn lọ́wọ́ sí i. Síbẹ̀, agbẹjọ́rò ìjọba kan tí wọ́n fi hàn níbẹ̀ pẹjọ́, nígbà tí wọ́n sì parí ọ̀rọ̀ náà lọ́dún 2024, Netflix gbà láti gbé ìkìlọ̀ pé wọ́n fi nǹkan kún ìtàn náà wá síwájú. Ó ṣeé ṣe nìyẹn!

Ohun tí mo ń béèrè nìyẹn. Kí ìkìlọ̀ wà níwájú, kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi tó ti "lóòótọ́" yẹn, kó dúró títí arúgbó á fi kà á tán, kẹ́nì kan sì kà á sókè fún ẹni tí ojú ń dùn. Kó sọ ohun tí wọ́n fi kún un. Lẹ́yìn náà, kó sọ bóyá wọ́n bi ẹbí òkú. Bí wọn ò bá bi wọ́n, kí wọ́n kọ ọ́ pé "A ò bi wọ́n." Bí ẹbí bá ní rárá, kí wọ́n kọ ọ́ pé "Wọ́n ní ká má ṣe é, a sì ṣe é." Mo fẹ́ rí iléeṣẹ́ tí ojú ò ní tì láti kọ ìyẹn. Ó tún yẹ kí ẹbí rí nínú owó tó bá wọlé. Kí wọ́n sì yéé fi arẹwà ọkùnrin ṣe apànìyàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àǹtí mi bi mí pé: "Ìyá inú fíìmù àná yẹn, ṣé ó ṣì wà láyé?" Mo wá a títí nínú lẹ́tà wínníwínní yẹn. Mi ò tíì lè sọ fún un bóyá èèyàn gidi ni ìyá náà àbí ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n fi kún un.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín