Ẹ̀sùn Lórí Koríko Omi Tí Ẹ Tà fún Mi

Parakin,
Ilé-Ifẹ̀.

Sí Ọ̀gá Àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹ̀yìnkùlé mi kì í gbẹ bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀. Òdòdó lásán máa ń jẹrà níbẹ̀ ni. Ìdí nìyí tí mo fi ra Cyperus alternifolius lọ́wọ́ yín, èyí tí ẹ ń pè ní koríko agbòòrùn. Omi kì í pa á lára, ó lè ga tó mítà kan àti ààbọ̀, ojú kan náà ló sì máa ń pọ̀ sí. Owó rẹ̀ ni ẹ gbà.

Èyí tí ẹ gbé wá kò ga dé orúnkún tó fi yọ òdòdó pupa rúsúrúsú. Mo pe aṣojú yín, ó ní kí n fi ìka yí ọ̀pá rẹ̀ wò, pé bó bá ti ní igun mẹ́ta, òun náà ni. Ọ̀rọ̀ yìí ló bí mi nínú jù. Ọ̀pá òfíó náà ní igun mẹ́ta. Ṣé òfíó ni mo sanwó fún? Ẹ gé orí koríko agbòòrùn gidi, ẹ dojú rẹ̀ dé inú omi, á ta gbòǹgbò. Ẹ wá gé tiyín náà, kí ẹ máa wò ó.

Mo wú ọ̀kan. Kóró dúdú ló so kọ́ra wọn lábẹ́ ilẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Cyperus rotundus ni, èpò tí kò sí àgbẹ̀ tó fẹ́ rí i. Béèyàn bá fi ọkọ́ ro ó, kóró á já kúrò lára ara wọn, kálukú á sì hu tirẹ̀. Ó ti wọ ebè tẹ̀tẹ̀ mi, ó ti gba abẹ́ ọgbà kọjá sọ́dọ̀ ìyá àgbà tó múlé tì mí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún wọn pé owó ni mo fi rà á?

Ẹ dá owó mi padà. Ẹ rán òṣìṣẹ́ wá kí wọ́n wa ilẹ̀ náà jìn, kí wọ́n jọ̀ ọ́, kí wọ́n ṣa kóró rẹ̀ kúrò, títí dé ọ̀dọ̀ ìyá náà. Aṣojú yín ti ń dárúkọ oògùn apakoríko. Rárá o, kànga tí à ń mu wà nísàlẹ̀ ibẹ̀.

Rìsíìtì yín wà lọ́wọ́ mi, orúkọ koríko náà sì wà lórí rẹ̀. Bí oṣù yìí bá parí tí n kò gbúròó yín, màá gbé e lọ sọ́dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà.

Èmi ni,
Oníbàárà yín.