Lẹ́tà sí Bùọ̀dá mi, lórí ọ̀rọ̀ agolo Bournvita

Bùọ̀dá mi,

Páálí yín dé l'Ọ́jọ́rú. Ìyàwó yín fi rán ẹnì kan tó ń bọ̀ nílé, ìyẹn gbé e dé Ìbàdàn, mo wá bẹ dẹ́rẹ́bà kan tó máa ń ná Ògbómọ̀ṣọ́ kó bá mi gbé e wá, Tákíè ni mo ti lọ gbà á. Kóòtù mẹ́ta, gíláàsì ojú yín, bàtà dúdú kan tí kò sẹ́ni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ gùn tó o nínú ilé yìí, àti ìwé oríṣiríṣi tí ọmọ mi ti kó sá wọ yàrá ẹ̀ kí n tó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n fi súwẹ́tà wé nǹkan kan. Mo tú u. Agolo Bournvita ni.

Mo jókòó sórí sìmẹ́ńtì níbẹ̀.

Tépù tí mo fi dì í ló ṣì wà lẹ́nu ẹ̀, Bùọ̀dá. Tépù dúdú tí àwọn oníná ń lò yẹn, eyín ni mo fi já a, etí ẹ̀ ṣì rí jákujàku bí mo ṣe já a. Ẹ ò ṣí i. Láti 1989!

Bóyá ẹ ò tiẹ̀ rántí mọ́, èmi rántí. Ọdún tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀, 1976, lẹ wọ bàálù lọ, ọdún yẹn náà ni Màámi bí mi, torí ẹ̀ inú fọ́tò nìkan ni mo ti mọ̀ yín títí mo fi pé ọdún 13 tẹ́ ẹ kọ́kọ́ wálé. Ojú ń tì mí láti wò yín. Ẹ yí ilé po, ẹ dé ẹ̀yìn yàrá Màámi níbi tí ògiri ti là láti abẹ́ fèrèsé dé ìpìlẹ̀, ẹ ti ìka bọ̀ ọ́, ìka méjì ló wọlé. Màámi ní wọ́n ń pòwe pé bí ògiri ò bá lanu aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́, àmọ́ tòun yìí, ọmọ òun ni aláǹgbá tó kọ́kọ́ kówọ́ bọ̀ ọ́. A rẹ́rìn-ín títí.

Lẹ bá ní ká fún yín ní agolo. Owó èlùbọ́ ló wà nínú èyí tí Màámi rí, wọ́n tú u sínú ìborùn, wọ́n gbé e fún yín. Ẹ fi ọkọ́ Bàbá gbẹ́ ilẹ̀ jìn tó orúnkún, ẹ ní tòkè yẹn ò wúlò, ìsàlẹ̀ ló ń gbé ilé ró. Ẹ bu ilẹ̀pa ibẹ̀ kún agolo, ẹ bu díẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ẹ wọ́n omi sí i, ẹ ní kí n dì í mú bí òkèlè ẹ̀bà, kí n wá la ọwọ́. Ó fọ́. Ẹ ní omi ẹ̀ kéré. Ẹ tún bu omi sí i, ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ bí ẹrẹ̀, ẹ ní ìyẹn náà ti pọ̀ jù, ìwọ̀n kan wà láàrin méjèèjì, ibẹ̀ ni erùpẹ̀ ti máa ń ki jù tí wọ́n bá gún un. Ẹ sọ fún mi nípa òyìnbó kan tó ń jẹ́ Proctor ní Califóníà, pé 1933 ló kọ ọ́ jáde, pé tẹ́ ẹ bá dé láàbù ẹ máa ń pín erùpẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta nínú agolo irin, ẹ máa gún ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà 25. Mo ní bí iyán? Ẹ ní bí iyán gan-an. Kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀ báyẹn rí nínú ayé mi, bí ẹni ń bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀.

Ẹ ní tẹ́ ẹ bá padà, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ máa kọ̀wé sí wa pé ohun báyìí ló ń ṣe ògiri Màámi. Ẹ ní kí n dì í dáadáa, kí omi má kán sí i. Mo dì í dáadáa.

Lẹ́tà dé o. Owó dé. Mi ò ní ṣe aláìmoore, ẹ̀yin lẹ san owó ilé-ìwé mi, ẹ̀yin lẹ ra ẹ̀rọ ìránṣọ tí mo fi ń jẹun dòní. A gbọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń fọ abọ́ lóru nígbà tẹ́ ẹ ṣì ń kàwé, a gbọ́ ìdánwò tẹ́ ẹ ṣe kẹ́ ẹ tó lè fọwọ́ sí iṣẹ́ bí ẹnjiníà, a gbọ́ ọjọ́ tí wọ́n sọ yín di pọ̀fẹ́sọ̀. Màámi gbé fọ́tò yẹn kiri ọjà. A tún gbọ́ nípa ilẹ̀ dúdú Texas, pé tó bá mu omi á wú, tí oòrùn bá pa á á sún kì á sì sán, ilé ńláńlá á là sí méjì, pé àwọn òyìnbó máa ń na rọ́bà omi yí ìdí ilé wọn ká nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kí ilẹ̀ má baà gbẹ jù. Ẹ fi ń ṣàwàdà ni, pé wọ́n ń bomi rin ilé bí ẹní ń bomi rin tẹ̀tẹ̀. Mò ń rẹ́rìn-ín lórí fóònù, àmọ́ inú mi ń sọ ọ́ pé ilé àwọn yẹn là, wọ́n rí Bùọ̀dá mi pè.

Òjò 1997 wó ògiri yẹn. Ìdí ààrò ni Màámi wà, Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Ẹ fi dọ́là ránṣẹ́, a fi búlọ́ọ̀kù mọ ọ́n padà. Mo kọ ọ́ sínú lẹ́tà nígbà yẹn: Bùọ̀dá, kí lẹ rí nínú agolo yẹn? Ẹ dáhùn gbogbo nǹkan yòókù. Nígbà tí Màámi kú ní 2003 tẹ́ ò lè wá, mo tún bi yín lórí fóònù, ẹ ní "àbúrò mi, iṣẹ́ pọ̀." Ó tó kí n dákẹ́, mi ò mọ ohun tó ń ṣe mí tí mi ò lè fi ọ̀rọ̀ agolo sílẹ̀.

Ìyàwó yín ní orí tábìlì yín ní ọ́fíìsì ló wà ní gbogbo ọdún yẹn, pé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá bi yín, ẹ máa ní ilé yín ni. Ó ń sunkún bó ṣe ń sọ ọ́. Mo ní ẹ kú ará fẹ́ra kù. Àmọ́ mi ò gbà! Ẹni tí wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ aláìsàn fún pé kó lọ yẹ̀ wò, tó wá gbé e sórí tábìlì pé ó rántí aláìsàn, irú kí nìyẹn?

Mo tún ń rò ó lóru pé bóyá ìbẹ̀rù ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú lọ́rì yẹn láti Tamale ní Gánà ní 1969, ọmọ ọdún 14, tí Busia, olórí ìjọba wọn, fún àwọn àjèjì ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n fi kó jáde. Màámi ní ilé tí Bàbá kọ́ síbẹ̀ ò là rí, kò sí ìlà bíńtín lára ẹ̀, síbẹ̀ wọ́n kó ẹrù jáde nínú ẹ̀. Ó ní ẹ ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí ẹ fi wọ Ògbómọ̀ṣọ́. Mi ò mọ̀. Ẹ ò sọ fún mi rí, ẹ̀yin àti ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ máa ń gbé mì.

Ọmọ mi náà ń ka ẹnjiníà báyìí, sífù gan-an bíi tiyín, ní LAUTECH, ó ti wọ ọdún tó kẹ́yìn. Jámánì ló ń pè tọ̀sán tòru. Wọ́n ní yúrò 11,904 gbọ́dọ̀ wà ní àkáǹtì tí wọ́n dè pa kí wọ́n tó fún un ní físà, owó oúnjẹ ọdún kan ni wọ́n pè é. Mo ṣí i sí náírà lórí fóònù, mo pa fóònù náà. Ilẹ̀ tẹ́ ẹ rà fún mi lọ́nà Ìlọrin ló kù tí mo lè tà, ó mọ̀, kò sọ ọ́, ó kàn ń fọ mọ́tò bàbá ẹ̀ láràárọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n rán an. Tí mo bá tà á tó bá lọ, ta ló máa kù? Ẹ̀yin lẹ lọ tẹ́ ẹ ní ọdún mẹ́rin.

Òun ló fẹ́ já tépù yẹn lánàá. Ó ti mú réésà dání. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ n gbé e lọ láàbù, kò ju ọjọ́ méjì lọ." Mo já a gbà lọ́wọ́ ẹ̀, mo jágbe mọ́ ọn débi tí ara ilé kejì fi yọjú. Orí fíríìjì ni mo gbé e sí. Ó tún ti bi mí láàárọ̀ yìí, mo ní kó ní sùúrù ná.

Ìlà kan ti wà lára ògiri yàrá tèmi náà, Bùọ̀dá, lábẹ́ fèrèsé, níbi búlọ́ọ̀kù tí a fi dọ́là yín mọ yẹn. Mo ti ìka bọ̀ ọ́ wò. Ìka ò tíì wọlé. Etí bébà ló wọlé.

Àbúrò yín ni.