Ẹ̀yin Ọmọ Civita, Ẹ Jẹ́ Ká Dáwó Gọ́tà

Ẹ̀yin ọmọ Civita di Bagnoregio, ìlú wa orí òkè ní Ítálì, ẹ̀yin tó wà ní Róòmù, ẹ̀yin tó wà ní Viterbo, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sọdá òkun, a kí yín o. Owó la wá tọrọ, ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́.

Òjò ni ọ̀tá wa. Nígbà táwọn Etruscan, àwọn ará Ítálì àtijọ́, tẹ ìlú yìí dó ní nǹkan bí 2,500 ọdún sẹ́yìn, orí òkúta tí òkè oníná tú jáde ni wọ́n kọ́lé sí. Amọ̀ ló sì wà lábẹ́ òkúta náà. Bómi bá ṣe ń fọ amọ̀ lọ, òkúta á dá dúró lófìfo, á là, á já sí àfonífojì tòun ti ilé orí rẹ̀. Ilé tí wọ́n bí Bonaventura Mímọ́ sí ti bá a lọ. Ilẹ̀ ríri ọdún 1695 ló lé bíṣọ́ọ̀bù àtàwọn aláṣẹ kọjá sí Bagnoregio, ìlú tó wà nítòsí wa, wọn ò sì padà (ta ló tún ń retí wọn?).

Látọdún 2013 ni wọ́n ti ń gbowó lọ́wọ́ àlejò tó bá fẹ́ gba orí afárá wọ̀lú. Owó yẹn, tìjọba ìbílẹ̀ ni. Gọ́tà ẹ̀yìnkùlé tiwa ńkọ́?

Lóṣù tó kọjá, mo dúró lẹ́yìn ilé kan nínú òjò. Tááìlì òrùlé mẹ́ta ti yẹ̀. Omi ń gbara ògiri sọ̀kalẹ̀, ó ń wọ ojú òkúta tó ti là. Mo ki ọwọ́ bọ ibẹ̀, ó wọlé dé ọrùn ọwọ́.

Ìpàdé ti fẹnu kò: onílé 50 Yúrò, ẹni tí ò nílé níbẹ̀ mọ́ 20. A fẹ́ to tááìlì tó yẹ̀, ká sì ṣe gọ́tà tí yóò gbómi jìnnà sétí òkè. A ò ní fi kọ́bọ̀ kan kunlé fún àlejò tó ń ya fọ́tò. Bíríkìlà tó bá wà láàárín wa, kó yọjú. Ọkọ̀ ńlá ò lè gun afárá, a ó jọ rẹrù ni.

Ẹ sanwó fún akápò kó tó di Ọjọ́ Ẹtì Rere. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n ń gbé àgbélébùú wa lọ wọ́de ní Bagnoregio, ẹ ṣáà mọ̀ pé tí ò bá ti ibẹ̀ dé kó tó di ọ̀gànjọ́, ó di tàwọn ará Bagnoregio nìyẹn. Tó bá ti wọlé sí San Donato, ṣọ́ọ̀ṣì wa, a ó ka orúkọ àwọn tó ti san ní gbàgede.