Lẹ́tà sí àbúrò mi ní Kétu, nítorí òwìwí orí ìrókò

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Ara ìyá wa ńkọ́? O sọ fún mi lórí fóònù pé o ti tún rọ́bà rẹ ṣe, pé òwìwí tó ń ké lórí ìrókò ẹ̀yìn oko lo máa ta. Mo ní kí o má pa á. O ní kí n fọkàn balẹ̀, pé bí olú ni: bí a tu ú tán lónìí, òjò ẹ̀ẹ̀mìíràn á tún mú un hù.

Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sùn.

Rántí ọjọ́ tí bàbá wa fi ọkọ́ la ọ̀gán. A bá ohun kan nínú rẹ̀ tó jọ afárá oyin, àwọ̀ rẹ̀ bí erùpẹ̀, tí hóró funfun wínníwínní kún ara rẹ̀. Olú gan-an nìyẹn. Ikán ló ń tọ́jú rẹ̀: wọ́n á jẹ igi àti koríko gbígbẹ, wọ́n á fi ìgbẹ́ wọn mọ afárá náà, olú á gba ibẹ̀ hù, àwọn náà á sì máa jẹ ẹ́. Èyí tí ìyá wa ń kó sínú igbá fún ọbẹ̀, èso rẹ̀ ni. A já èso, ìdí rẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀.

Òwìwí ò ní nǹkan kan nísàlẹ̀. Èyí tó wà lórí igi yẹn ni gbogbo rẹ̀.

Ní New Zealand, òwìwí kan wà nígbà kan rí tí àwọn Māori, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, ń pè ní whēkau. Igbe rẹ̀ dà bí ẹ̀rín ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Inú pàlàpálá àpáta ló ń yé sí. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí ènìyàn bá ń tẹ àkọ́díọ̀nù lálẹ́, á fò wá gbọ́. (Ibi tí mo ti ka èyí ni ìfẹ́ ẹyẹ náà ti wọ̀ mí lọ́kàn.) Àwọn òyìnbó tó tẹ̀dó síbẹ̀ kó ẹranko ajẹran kan, stoat, wá kó lè máa pa ehoro. Kò pa ehoro nìkan. Ológbò náà wà ńbẹ̀. Ní 1914 wọ́n rí whēkau kan tó ti kú ní agbègbè Canterbury níbẹ̀, òun ni wọ́n rí gbẹ̀yìn. Ó ti lé ní 100 ọdún tí òjò ti ń rọ̀ níbẹ̀. Kò hù.

Mo mọ̀ pé wọ́n ń pe òwìwí ní ẹyẹ àjẹ́ nílé. N kò ní bá àgbà jiyàn. Àmọ́ eku tó ń jẹ àgbàdo inú àká wa, ta ló ń bá wa mú un lóru?

Jọ̀ọ́, gbé rọ́bà yẹn sílẹ̀ títí n ó fi ti Kútọnu dé. Lọ wo abẹ́ ìrókò náà láàárọ̀. Wàá rí ìdì irun gbígbẹ tí òwìwí pọ̀ jáde lẹ́nu. Tú u wò, egungun eku ló wà nínú rẹ̀. Bá mi kó méjì pamọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ