Lẹ́tà sí Àjàní: Ìdí tí irin gíláàsì fi ń fọ́ bí kírísítà bá hù nínú rẹ̀

Àjàní ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara Màmá ti yá? Bá mi kí wọn dáadáa, kí o sì kí Ìyá Ìbejì. Òtútù ti bẹ̀rẹ̀ níbí, ṣùgbọ́n a dúpẹ́.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ nípa orí igi gọ́ọ̀fù onírin gíláàsì tó fọ́ tí oníbàárà rẹ gbé wá pé kí o bá òun wẹ́dà. Irin gíláàsì ni irin tí átọ́ọ̀mù rẹ̀, ìyẹn èérún tíntìntín tó fi ṣe, kò tò lẹ́sẹẹsẹ, bíi ti gíláàsì. O ní irin tí ẹ ń lò ní ṣọ́ọ̀bù, kírísítà (átọ́ọ̀mù tó tò lẹ́sẹẹsẹ) ni látòkèdélẹ̀, síbẹ̀ ó máa ń tẹ̀ kó tó kán. Kí ló wá dé tí irin gíláàsì fi ń fọ́ bí ìgò tí kírísítà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí hù nínú rẹ̀? Inú mi dùn pé o bèèrè. Kírísítà kọ́ ló burú. Irú èyí tó hù ni, àti ipò tó fi gíláàsì tó ṣẹ́ kù sí.

Mú Vitreloy 1, irin gíláàsì kan tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Peker àti Johnson gbé jáde ní yunifásítì Caltech, ní California, lọ́dún 1993. Zirconium ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Titanium, bàbà, nickel àti beryllium ló kù. Átọ́ọ̀mù wọn ò tóbi bákan náà, nítorí náà bí wọ́n bá yọ́ ọ tó sì tètè tutù, wọn kì í ráyè tò. Wọ́n á kàn há mọ́ra bí èrò ọjà Bódìjà nígbà tí ọdún ku ọ̀la, àmọ́ àyè tíntìntín ṣì wà láàárín wọn. Bí agbára bá dé, àyè yẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n lè sún fún ara wọn, kí ẹnu ibi tó sán kú dípò kó máa là á lọ.

Lọ́dún 1997, Gilbert, Ritchie àti Johnson wọn bí irin náà ṣe yi tó: nǹkan bíi 55 MPa√m (òṣùwọ̀n bí nǹkan ṣe ń kọ̀ kí sísán má là á lọ), ó bá irin alágbára dọ́gba. Nígbà tí wọ́n fi ooru bíi 360°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sun ún tí kírísítà fi hù, ì báà jẹ́ díẹ̀, ì báà jẹ́ gbogbo rẹ̀, ó já sí bíi 1, iye ti gíláàsì lásán!

Nínú irin tìẹ, ẹsẹẹsẹ átọ́ọ̀mù lè yọ̀ lórí ara wọn. Àwọn kírísítà tí ooru ń hù jáde nínú Vitreloy kò rí bẹ́ẹ̀. Átọ́ọ̀mù oríṣiríṣi ló so pọ̀ níbẹ̀, kálukú lójú ibi tirẹ̀. Wọ́n le, wọn kì í yọ̀, sísán nìkan ni wọ́n mọ̀.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti gíláàsì tó ṣẹ́ kù. Kírísítà ń ṣa átọ́ọ̀mù tó wù ú, àdàlù tó kù kì í ṣe ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ooru kan náà sì ti ń fún àyè tíntìntín yẹn pa kí kírísítà kankan tó fojú hàn.

Ṣùgbọ́n lọ́dún 2000, Hays, Kim àti Johnson ṣe irú irin gíláàsì kan tí kírísítà rírọ̀ ń hù nínú rẹ̀ bó ṣe ń tutù. Kírísítà rírọ̀ yẹn ń tẹ̀, kì í jẹ́ kí ìlà kan ṣoṣo tí átọ́ọ̀mù ti ń yọ̀ lórí ara wọn sún títí tí yóò fi sán. Irin náà yi sí i.

Nítorí náà, má wẹ́dà rẹ̀. Ibi tó bá yọ́ lè tètè tutù padà di gíláàsì, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí ooru kàn gbóná sí ni kírísítà yóò hù sí, ibẹ̀ ni yóò sì ti kán. Fi èyí tó fọ́ rán ẹni tó bá ń bọ̀ síbí. Mo fẹ́ fi máíkírósíkópù wo ojú ibi tó ti kán, bóyá kírísítà ti wà nínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é.

Èmi ni tìrẹ,
Àlàbí