Obìnrin Tí Gbogbo Ojú Ń Wò

Ìyá Tóbi mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà? Bàbá Tóbi ńkọ́? Ara le níbí, a dúpẹ́.

O ní o kọjá níwájú Panthéon ní Paris, o sì bi mí pé kí ni oníjó ń wá láàárín àwọn akọni tí Faransé sin síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Josephine Baker kọjá ohun tá a lè sọ tán lórí fóònù, torí ẹ̀ ni mo ṣe gbé bírò. (Òkú ẹ̀ kọ́ ló wà níbẹ̀ o, Monaco ni wọ́n sin ín sí. Erùpẹ̀ ni wọ́n kó sínú pósí tí wọ́n gbé wọlé ní 2021.)

Ọmọ adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ni, St. Louis ni wọ́n bí i sí ní 1906. Ọmọ ọdún 19 ni nígbà tó dé Paris, kò sì pẹ́ tí gbogbo ìlú fi ń dárúkọ ẹ̀. Síkẹ́ẹ̀tì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó fi ń jó yẹn, o ti rí fọ́tò ẹ̀ rí.

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì dé ní 1939, Jacques Abtey, ọ̀gá kan nínú ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ológun Faransé, wá bá a nítorí iṣẹ́ amí. Ọkàn ọkùnrin náà ò kọ́kọ́ balẹ̀ sí òṣèré. Ẹni tá a ní kò lè pàgọ́, ó kọ́lé aláruru! Josephine ń lọ sí àríyá àwọn ẹ́ḿbásì, ti Ítálì, ti Japan, á máa rẹ́rìn-ín, á máa tẹ́tí. Ohun tó bá gbọ́, á yọ́ kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ìrìn àjò Lisbon, ní Portugal. Àwọn ará Jámánì ti gba Paris nígbà yẹn. Wọ́n fi íǹkì tí ojú ò lè rí kọ àṣírí sórí ìwé orin ẹ̀, ó so fọ́tò mọ́ àwọ̀tẹ́lẹ̀, Abtey sì tẹ̀ lé e bí akọ̀wé, pẹ̀lú orúkọ tí kì í ṣe tiẹ̀. Wọ́n dé bọ́dà. Dípò káwọn aṣọ́bodè tú ẹrù, ńṣe ni wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ kó buwọ́ lùwé fáwọn. Ta ló fẹ́ ní kí Josephine Baker bọ́ aṣọ? Láti kékeré ni wọ́n ti ń wò ó. Lójú tèmi, ó ti mọ ohun tí òǹwòran máa ń gbójú fò.

Ó kọjá sí Mòrókò. Àìsàn inú dá a dùbúlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù ní Casablanca, débi pé wọ́n gbé ìròyìn ikú ẹ̀ jáde. Síbẹ̀, àwọn kan tó ń wá kí i lórí bẹ́ẹ̀dì, iṣẹ́ amí ni wọ́n ń bá wá. Nígbà tára ẹ̀ yá, ó ń kọrin fáwọn sójà ní Àríwá Áfíríkà.

Ní August 1963, ó sọ̀rọ̀ níwájú èrò tó wọ́de fún ẹ̀tọ́ àwọn adúláwọ̀ ní Washington, lórílẹ̀-èdè tí àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ti lé e torí àwọ̀ ẹ̀. Yunifọ́ọ̀mù ológun Faransé ló wọ̀, gbogbo mẹ́dà ẹ̀ wà láyà.

Èlùbọ́ rẹ ti wà lọ́wọ́ ẹni tó ń bọ̀. Sá a dáhùn fóònù tó bá pè ẹ́, má sọ pé o ò mọ nọ́ńbà.

Èmi ni tìẹ,
Àdùkẹ́