Ẹnu mi ni ọmọ mi ti kọ́ ọ

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ ìwà àwọn ọmọ ìwòyí bá délẹ̀, ilé ìwé ni gbogbo wa máa ń nàka sí: kí wọ́n múra sí ẹ̀kọ́ ìwà rere, kí àwọn tíṣà jí gìrì. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí nínú ṣọ́ọ̀bù ara mi ní Òkè-Baálẹ̀, níbí ní Òṣogbo, kò jẹ́ kí n lè dákẹ́.

Aránṣọ ni mí. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń kọ́ ọmọ níṣẹ́. Ní oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì tó kọjá, nígbà tí aṣọ ẹgbẹ́ ọdún Ọ̀ṣun kún ilẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 9, jókòó sórí àga mi. Ó na ẹsẹ̀ síwájú, ó sì sọ fún ọmọ iṣẹ́ mi kan tó ti pé ọdún 19 pé: "Ìwọ, o ò gbọ́ ni? Wá bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ mi, olórí burúkú." Ọmọ iṣẹ́ yẹn kúnlẹ̀, ó bọ́ bàtà náà.

Èébú yẹn nìkan kọ́ ló dùn mí. Ohùn yẹn ni. Ohùn mi ni. Bí mo ṣe máa ń fa "olórí burúkú" gùn bí wọ́n bá fi áyọ́ọ̀nù jó aṣọ oníbàárà, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe fà á. Bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá wọ ilé mi, ọmọ yìí kan náà á kúnlẹ̀ kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó mọ ẹni tó yẹ kó kúnlẹ̀ fún, ó sì ti mọ ẹni tó lè tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ló ti kọ́ méjèèjì. Lọ́sẹ̀ yẹn náà ló ń há ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn sórí nínú ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ wọn nílé ìwé, tí ọmọ iṣẹ́ sì ń gbálẹ̀ lábẹ́ tábìlì rẹ̀.

Mo bi ọmọ iṣẹ́ náà pé kí ló dé tó fi kúnlẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ṣebí ọmọ yín ni."

Àwa ọ̀gá kì í pe ohun tí à ń ṣe ní ìnilára. Ìkọ́ni là ń pè é. Ọmọ wá kọ́ ìránṣọ, oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, omi ló ń pọn, aṣọ ọkọ ọ̀gá ló ń fọ̀. Ó pẹ́ dé, ó kúnlẹ̀ nínú oòrùn, ó gbọ́wọ́ sókè níṣojú àwọn oníbàárà. Oníbàárà ta á lọ́rẹ, ọ̀gá gbà á. Nígbà tí ọdún mẹ́ta àdéhùn bá pé, owó fírídọ̀mù á ti di ohun tí apá ìyá rẹ̀ kò ká, á sì tún máa sìn wá lọ. Bó bá sunkún, a ní bí wọ́n ṣe ṣe fún àwa náà nìyẹn. Òótọ́ ni. Ọ̀gá mi fi rúlà onígi nà mí lórí ìka, ìka kan kò sì nà tán títí dòní. Mo ti ń sọ ìtàn yẹn fún ọmọ iṣẹ́ láti ọjọ́ yìí bí ẹni ń ṣògo.

Ẹrú kú, ìyá ò gbọ́. Ọmọ kú, ariwo ta. Bẹ́ẹ̀ ẹrú ṣọmọ nílé ìyá rẹ̀ rí. Ìyá ọmọ iṣẹ́ mi yìí ru iṣu wá láti Ìkirun lọ́jọ́ tó fà á lé mi lọ́wọ́.

Òfin wà. Ìjọba àpapọ̀ ṣe Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé lọ́dún 2003, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ṣe tirẹ̀ lọ́dún 2007, fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Ọmọ iṣẹ́ mi ti kọjá ìyẹn, ṣùgbọ́n abala 34 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 kò wo ọjọ́ orí: wọn kò gbọdọ̀ hùwà àbùkù sí ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, ọlọ́pàá wo ni yóò wá sí Òkè-Baálẹ̀ nítorí bàtà ọmọ ọdún 9?

Mo bẹ ọmọ iṣẹ́ náà níṣojú ọmọ mi. Ó ṣòro, ẹnu mi wúwo. Ọmọ mi bẹ̀ ẹ́ tẹ̀lé mi, "Àǹtí" ló sì ń pè é báyìí. Ọ̀gá kan ládùúgbò ní mò ń ba àwọn ọmọ iṣẹ́ jẹ́, pé wọn á gùn mí lórí. Ẹgbẹ́ wa ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tó bá pẹ́ dé ìpàdé, kò sí ti ẹni tó bá gbá ọmọ iṣẹ́ létí. Mo ń bẹ ẹgbẹ́ wa, àti gbogbo ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ ní Òṣogbo, kí a ní irú ìtanràn bẹ́ẹ̀.

Mo ti tún ìwé àdéhùn tèmi kọ: kò sí fífọ aṣọ ilé ọ̀gá, kò sí nínà, iye owó fírídọ̀mù sì wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Ìyá ọmọ tuntun kan tẹ̀ka sí i lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní kí n tún ibi tí wọ́n kọ "kò sí nínà" kà fún òun lẹ́ẹ̀kejì.

Aránṣọ kan,
Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo.